Ìwé Kíkà Nínú Ilé Nígbà Tí Àrùn Bá Ti Ilé-ẹ̀kọ́ Pa: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí ní Abẹ́òkúta

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí kòrónà, oṣù kẹsàn-án sì ti wọlé kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó padà sí kíláàsì. Ọlidé tí a mọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan di ìdajì ọdún. Ilé púpọ̀ ló ya táìmù-tébù sára ògiri nígbà náà: ìṣirò ní aago mẹ́jọ, Gẹ̀ẹ́sì ní aago mẹ́sàn-án, sáyẹ́ǹsì ní aago mẹ́wàá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú ká, kì í sì í ṣe pé òbí ya ọ̀lẹ. Ìyá fẹ́ lọ sọ́jà, omi ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù, ọmọ ọwọ́ ń ké, aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Ohun tó máa ń dúró nínú ilé ni ohun kékeré tí a bá so mọ́ nǹkan tí ilé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́, láìyẹ̀, ṣe ọmọ lóore ju wákàtí mẹ́ta tí a ṣe lọ́jọ́ Ajé tí a kò tún rántí mọ́ títí di ọjọ́ Ajé mìíràn.

1. Ẹ so ìwé mọ́ nǹkan tí kì í yẹ̀

Ẹ má yan aago. Ẹ yan ohun tí ilé yín ń ṣe lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, òòrùn ìbáà ràn: lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ abọ́ àárọ̀ tán, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, lẹ́yìn ìrun àsárì, tàbí kí wọ́n tó bu oúnjẹ alẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: «Tí a bá ti da omi abọ́ nù, ìwé ló kàn.» Ìyá tó ń jáde lọ sí Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá ní kùtùkùtù lè fi tirẹ̀ sí alẹ́. Ẹni tó ń pa aró ní Ìtòkú lè fi tirẹ̀ sí ìgbà tí aṣọ bá wà lórí okùn.

Fún ọmọ ọdún 5 sí 7, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Ọmọ ọdún 8 sí 11 lè ṣe ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹni tó ti pé ọdún 12 lè jókòó fún ìṣẹ́jú 40, bí ẹ bá jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan ìwé tó fẹ́. Ẹ pa ìwé dé nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n dá dúró níbi tí ìjàpá ti fẹ́ kó sí wàhálà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bèèrè ìwé lọ́la.

Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, òjò ni. Bí òjò bá ń lu páànù, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ọmọ tó ń kàwé, ọmọ náà á sì máa pariwo títí ọ̀fun á fi dùn ún. Torí náà, ẹ ní iṣẹ́ òjò lọ́tọ̀: kí wọ́n ya àwòrán ohun tí wọ́n kà lánàá, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ìwé bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má sì gbára lé iná mànàmáná. Ojúmọmọ ni kí ẹ fi kíkà sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

2. Ẹ kó ìwé jọ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n mọ́ ọmọ

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé páálí kan kalẹ̀, kí gbogbo ilé kó ohun tó ní lẹ́tà lára sínú rẹ̀: ìwé kíkà kíláàsì tó kọjá, ìwé orin, Bíbélì, ìwé àdúrà, kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìròyìn Aláròyé tó ti gbó, páálí mílíìkì, páálí oògùn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà inú agbo ilé pẹ̀lú, nítorí inú àpótí wọn ni ìwé kíkà àtijọ́ sábà máa ń wà. Ìwé Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta. Ìlú yìí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ẹ kó Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀ ní èdè tó ń sọ nílé kò ní tún ìyẹn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Láti mọ̀ bóyá ìwé kan bá ọmọ mu, ẹ ṣí ojú ìwé tó ní bí ọ̀rọ̀ 50, kí ó kà á sókè. Nígbàkígbà tó bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, kó ká ìka kan. Bí kò bá ká ìka rárá, tàbí tó ká ẹyọ kan, ó lè dá ìwé náà kà. Bó bá ká méjì tàbí mẹ́ta, òun gan-an ni ẹ máa jọ kà. Bó bá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ gbé e pamọ́ títí di oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ fún ọmọ pé ìwé náà ni kò tíì tó àsìkò rẹ̀. Ìwé tó le jù ló ń lé ọmọ sá nídìí ìwé ju ohunkóhun mìíràn lọ.

3. Bí ẹ ṣe máa jọ kà á

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ẹ má jókòó níwájú rẹ̀, kí ojú ẹ̀yin méjèèjì lè wà lórí ìlà kan náà. Ẹ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ náà fún un, kí ìka yín máa rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wá jọ kà á pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí òun nìkan kà á. Ìpínrọ̀ kan tí a kà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí dára ju ojú ìwé mẹ́ta tí ọmọ sáré gbà kọjá.

Bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú ọkàn yín kí ẹ tó la ẹnu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ á ti rí i kí ẹ tó dé ẹ̀rin. Òbí tó ń yára sọ ọ̀rọ̀ fún ọmọ ń kọ́ ọ láti máa wo ojú òbí dípò ojú ìwé. Bí kò bá rí i, ẹ fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà kí sílébù àkọ́kọ́ nìkan hàn, kí ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Sílébù Yorùbá kò lọ́jú pọ̀. Ó lè jẹ́ fáwẹ́lì nìkan, ó lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì, ó sì lè jẹ́ n tàbí m tó dá dúró. Ẹ jẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́ sí i: A-bẹ́-ò-kú-ta, àtẹ́wọ́ márùn-ún, ò-ǹ-kà-wé, àtẹ́wọ́ mẹ́rin. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, kí ẹ máa bá ìwé lọ. Ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́.

Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní. Kò sí c, q, v, x àti z níbẹ̀, ọmọ tó ti kọ́ ABC ti Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń kọsẹ̀ níbi tí méjèèjì kò ti bára mu. Gb jẹ́ ohùn kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ ń pe agbada ní «a-gi-ba-da», ó ti ya á sí méjì nìyẹn. Ẹ ní kó pe «gba» nìkan lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó tó padà sórí ọ̀rọ̀ náà. P tiwa wúwo ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. N tó wà lẹ́yìn fáwẹ́lì nínú ọsàn tàbí irun kì í dá dúró, imú ni a fi ń pè é mọ́ fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ náà wà lára ohun tí ojú ọmọ máa ń fò. Ẹ ní kó fi pẹ́ńsù pupa tọ́ka sí gbogbo rẹ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀sẹ̀ kan irú èyí máa ń tó.

Àmì ohùn ni ohun tí wọ́n máa ń fò jù, ibẹ̀ sì ni ìwé Yorùbá ti ń sú ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ má fi bébà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ hun ohùn ọ̀rọ̀ náà nímú, kí ọmọ sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn nínú mẹ́rin: igba tí í ṣe 200, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àsìkò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n yà, ẹ fa ìlà mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ìsàlẹ̀ fún dò, àárín fún re, òkè fún mí. Ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́, kí ọmọ gbé òkúta kan kalẹ̀ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìlú wa dára fún ìbẹ̀rẹ̀. A wà ní àárín, bẹ́ lókè, ò nísàlẹ̀, kú lókè, ta ní àárín. Lẹ́yìn náà ni kó wá wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí bébà. Á rí i pé àmì tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta tó tò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin lójúmọ́ ti tó. Ẹ fi orúkọ àwọn ará ilé ṣe é, kò sí ọmọ tí kò fẹ́ mọ bí ohùn orúkọ òun ṣe ń lọ.

4. Bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá mọ̀wé kà

Ẹ lè darí ìwé kíkà náà, ẹ sì lè mọ̀ bóyá ọmọ ń kàwé lóòótọ́. Ọmọ púpọ̀ ló ti há ìwé wọn sórí, tí wọ́n ń wo àwòrán, tí wọ́n ń kọ ọ́ bí orin. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán náà. Bí kò bá lè kà á mọ́, àwòrán ló ń kà. Ẹ tún ní kó ka ojú ìwé kan náà fún yín lọ́la. Ìwé kì í yí ọ̀rọ̀ padà mọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àná, ó ń sọ ọ́ láti inú ara rẹ̀ ni. Ìkẹta, ẹ ní kó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ «ìjàpá» sí, kó sì wá ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà tún wà lójú ìwé yẹn. Ẹ̀yin á fi ojú ara yín rí i bóyá méjèèjì jọra.

Bó bá kà á tán, ẹ bi í pé: ta ni? níbo? kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e? Lálẹ́, ẹ pa ààlọ́ fún un, kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta nínú rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà bá wà nílé nígbà tí àrùn ń jà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kí wọ́n ti máa pa ààlọ́, kí bíi mítà méjì, ìwọ̀n ẹní kan tí a tẹ́ ní gígùn, wà láàárín wọn àti àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ni kòrónà máa ń bá jà jù. «Ààlọ́ o!» àti «Ààlọ̀!» á dé ọ̀dọ̀ ara wọn láìsí ìfarakanra.

5. Ẹ rán ìwé tiyín

Bí ìwé bá tán, ẹ ṣe é. Ohun tí ẹ nílò ni bébà A4 mẹ́rin, abẹ́rẹ́ tó nípọn, ìṣó kékeré kan, àti òwú télọ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60.

1. Ẹ to bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn, kí ẹ ṣẹ́ wọn sí méjì pọ̀. Ojú ìwé 16 ló jáde yẹn.
2. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́ta sí ojú ibi tó ṣẹ́ gẹ́gẹ́: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí òkè, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí ìsàlẹ̀.
3. Láti inú, ẹ ki abẹ́rẹ́ gba ihò àárín jáde, kí ẹ fi ìrù òwú tó tó ìka ọwọ́ kan sílẹ̀ nínú. Ẹ gba ihò òkè wọlé, ẹ fo ihò àárín, ẹ gba ihò ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tún gba ihò àárín padà wọlé.
4. Kí orí òwú méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì òwú gígùn tó wà nínú, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀ lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń fà á le, ẹ fà á sí ọ̀nà tí ìwé gùn sí. Bí ẹ bá fà á sókè, bébà á ya láti ojú ihò. Ẹ má fi pín-ín-nì ṣe é ní àsìkò òjò, nítorí á dógùn-ún, ògùn-ún náà á sì jẹ bébà.

Fún èèpo, ẹ gé páálí, kí ẹ lẹ àjákù àdìrẹ mọ́ ọn. Láfún ni gọ́ọ̀mù rẹ̀: ṣíbí ìjẹun kan sí ìdajì kọ́ọ̀pù omi tútù. Ẹ pò ó títí kò fi ní ní kókó, ẹ gbé e sórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ ta á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn, èèpo á ká. Ẹ fi nylon sí àárín èèpo àti ojú ìwé, ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù yìí, nítorí náà ẹ má fi ìwé náà sí ilé ìdáná.

Kí ni ẹ máa kọ sínú rẹ̀? Orúkọ gbogbo ará ilé àti oríkì wọn, èlò ọbẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà, ààlọ́ tí ìyá àgbà pa, ohun tí wọ́n máa rí bí wọ́n bá wo ìlú láti orí Olúmọ. Láfún rírò dára púpọ̀ fún èyí. Bí ìyá bá ń rò ó, kí ọmọ kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún, ọ̀kan lórí ìlà kan. Ẹ gé ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ dà wọ́n rú, kí àbúrò rẹ̀ tò wọ́n padà. Ẹni tó bá to «bù ú sí abọ́» ṣáájú «jẹ́ kí omi hó» kò tíì kà á.

6. Ọwọ́, èémí, àti ìwé tí ẹ pààrọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò

Inú èémí ẹni tó ní in ni kòrónà ti ń ràn jù lọ, ti ojú nǹkan kéré sí i. Ohun tó yẹ kí ẹ mú ní pàtàkì nìyẹn: ìta gbangba, fèrèsé ṣíṣí, ọwọ́ fífọ̀. Kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó mú ìwé àti lẹ́yìn tó bá gbé e sílẹ̀, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹ ní kó ka ení títí dé ogún láìsáré, ìṣirò kíkọ́ náà nìyẹn.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítòsí ìdí. Ẹ rọ omi sí i, ẹ dé e pinpin. Bí ẹ bá tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, omi á máa ṣàn. Bí ẹ bá dé e padà, á dúró, nítorí atẹ́gùn kò ráyè wọlé. Ihò tó tóbi jù kì í jẹ́ kó dúró, ìṣó kékeré gan-an ni kí ẹ lò.

Ìwé tó ti ilé mìíràn wá, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ má fi ọtí tàbí bílíìsì nù wọ́n, nítorí íńkì á ràn, ojú ìwé á sì ká. Ẹ má sá wọn sóòrùn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé àti ọjọ́ tó dé sára bébà kékeré tí ẹ fi sínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ «ìwé mi dà?» ló máa ń ba pípààrọ̀ jẹ́ láàárín aládùúgbò.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní ibà, ikọ́, tàbí tí imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn mọ́, ẹ dá pípààrọ̀ dúró, kí ẹni náà wà lọ́tọ̀, kí ẹ sì pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232. Kò pọn dandan kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lo ìbòmú.

7. Tẹlifíṣọ̀n àti fóònù

Ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí OGTV, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ògùn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n olùkọ́ inú tẹlifíṣọ̀n kò lè gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Bí ètò bá parí, kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó gbọ́ níbẹ̀, kó kà wọ́n fún yín. Iṣẹ́ tí olùkọ́ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ dà á kọ sórí bébà, kí ẹ gba fóònù padà.

8. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ìwé kíkà gẹ́gẹ́ bí ìyà. «Ó bú àbúrò rẹ̀, ẹ ní kó lọ kàwé.» Ẹ wá ìyà mìíràn, ọmọ tí wọ́n fi ìwé jẹ níyà kì í gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àbúrò. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó máa fi òkúta to ohùn ọ̀rọ̀ tí àbúrò bá kà, láìsọ̀rọ̀.

Fífi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò, tàbí fífi í ṣẹ̀rín nígbà tó bá ṣi ohùn pè. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ débi tí ẹ kò ní gbọ́ àṣìṣe mọ́, ẹ kò sì ní lè ràn án lọ́wọ́.

Ebu. Ìwé tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí nínú nylon tí a dì pa á hu ebu láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní àsìkò òjò. Ẹ gbé wọn ró sórí pákó tí kò fara kan ògiri, kí atẹ́gùn lè gbà láàárín wọn. Èyí tó bá ti hu ú, ẹ gbẹ ẹ níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n níta. Aṣọ tútù á tún tan ebu náà ká ni.

9. Ẹ wọn ìtẹ̀síwájú rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ mú ìpínrọ̀ kan tí ọmọ kò kà rí, kí ó kà á fún ìṣẹ́jú kan lójú aago fóònù. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó pè tọ̀nà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti déètì sí ẹ̀yìn ìwé tí ẹ rán. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkeje, pẹ̀lú ìpínrọ̀ mìíràn nínú ìwé kan náà. Bí iye náà bá ń lọ sókè, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ìwé tó le díẹ̀ sí i. Bó bá dúró sójú kan, ẹ kọ́kọ́ padà sí ìwé tó rọrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí kò bá tún yí padà, ẹ wo ojú ọmọ náà. Ṣé ó máa ń fa ìwé mọ́ imú? Ṣé ó máa ń fún ojú pọ̀, tàbí kó fi ọwọ́ bo ojú kan kó tó lè ríran? Ṣé orí máa ń fọ́ ọ lẹ́yìn kíkà? Ìwé kọ́ ni ìṣòro ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn ojú tó bá sún mọ́ yín, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ iye náà sí dání lọ fi han dókítà.